Wọ́n Ní Kí Fiifi Fà Á

Araba Ghartey ti múra tán kí àbúrò rẹ̀ tó dìde. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo Fiifi bó ṣe ń wá bàtà tó ti wọ̀ sẹ́sẹ̀ káàkiri yàrá.

"Sájẹ́ǹtì," ó ní, "àbí bàtà náà ti padà sí Lẹ́bánónì ni?"

Fiifi bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ àga. Ó ti bá àwọn ọmọ ogun Gánà lọ ṣọ́ àlàáfíà ní Lẹ́bánónì, àtìgbà tó sì ti dé ló ti ń gbọ́ ìró ìbọn láàárín ọjà Sekondi. Abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn ló mú un rọlẹ̀. Láìpẹ́ yìí ó ti ń kan àga fún aráàdúgbò, ó tiẹ̀ ń bá wọn ṣeré. Bí dókítà bá ní ara rẹ̀ ti yá lónìí, yóò kó lọ bá ọmọbìnrin rẹ̀ ní Kumasi, owó ìfẹ̀yìntì tí Araba ń bá a gbà yóò sì máa bọ́ sọ́wọ́ Fiifi fúnra rẹ̀. Bí dókítà bá ní kò tíì yá, ilé Araba náà ni.

Nílé ìwòsàn, Dókítà Otoo bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀.

"Fiifi, a rí igbó nínú ìtọ̀ rẹ."

Araba pòṣé. "Ẹ gbà mí, Dókítà! Ẹni tó dúró níwájú ìbọn, kò lè dúró níwájú ewé. Mo ń se oúnjẹ fún un, mo ń fọ aṣọ rẹ̀ tó ń rùn, èéfín ló fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Mo ṣáà ti sọ fún ọ," ni dókítà wí fún Fiifi. "Irú àìsàn tìrẹ yìí àti igbó kì í gbé pọ̀. Èyí tí abẹ́rẹ́ bá tún ṣe, igbó á bà á jẹ́. Ṣé o tún ti ń gbọ́ ìbọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Abẹ́ ibùsùn ni mo ń sùn."

"Kí ló wá dé tí o fà á?"

Fiifi wolẹ̀. "Wọ́n ní kí n fà á ni."

Dókítà fa ìwé rẹ̀ mọ́ra. "Níbo ni wọ́n wà?"

"Wọ́n wà níbí."

"Nínú yàrá yìí? O ń rí wọn?"

"Mò ń rí wọn, mà."

Araba bú sẹ́rìn-ín. "Ó tún ti dé! Ẹ bá mi kí wọn o. Ẹ bi í bóyá wọ́n á jẹ kẹ́ńkè."

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá." Dókítà tún yíjú sí Fiifi. "Ṣé wọ́n ń sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán ni."

"Kí lorúkọ wọn?"

Fiifi mirí. "Mi ò lè pe orúkọ wọn, mà. Ẹnu mi ò gbà á."

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó ní àwọn yóò fi kún abẹ́rẹ́ náà, pé ọ̀rọ̀ Kumasi yóò ṣì dúró ná. Omi lé ròrò sójú Fiifi.

"Ọmọ mi ti ń retí mi, mà."

"Nu imú rẹ," ni Araba wí. "Ṣé bóo ṣe ń sunkún lójú ogun nìyẹn? Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ gbádùn rẹ gan-an níbẹ̀ o!"

"Ẹ má gbójú kúrò lára rẹ̀," dókítà bẹ̀ ẹ́.

"Èmi? Ojú mi kì í kúrò lára rẹ̀."

Wọ́n ra kẹ́ńkè àti ẹja díndín lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n délé, Fiifi jókòó sórí àga tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ó jẹun, ara rẹ̀ sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Araba ti ilẹ̀kùn, ó yọ igbó tó ti wé sílẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí ara rẹ̀, ó ṣáná sí i, ó sì tì í bọ àbúrò rẹ̀ lẹ́nu: "Mo ní kí o fà á."