Ọwọ́ Tó Ń Ti Ilẹ̀

Ògiri ni Jimoh kọ́kọ́ fi Àlàmú sí. Ó ní kó dúró jìnnà díẹ̀ sí i, kó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sára rẹ̀, kó wá máa tì í bí ẹni tó fẹ́ wó o. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, apá ọ̀tún Àlàmú ń gbọ̀n, ó sì forí gbá ògiri.

"Ó tó bẹ́ẹ̀," ni Jimoh wí. "Ọ̀la ń bọ̀."

Jimoh ti ja ogun dé Bọ́mà. Láràárọ̀, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó nítòsí ojú irin Agége, ó máa ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá bí wọ́n ṣe ń na ara gbọọrọ, kí wọ́n fọwọ́ ti ilẹ̀ gòkè, kí wọ́n tún lọ sílẹ̀. Àlàmú ti lé lógójì ọdún. Àwọn ọmọ náà ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. "Bàbá Ọlọ́pàá, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ má mú wa o!"

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo fẹ́ lè ṣe?" Jimoh bi í.

"Ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n kí àyà mi kan ilẹ̀, kí n sì dá dìde. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé mi."

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn apá náà. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, Àlàmú ni ọ̀gá bíríkìlà níbẹ̀. Ológbò ni wọ́n ń pè é, torí pé ẹ̀yìn ológbò kì í balẹ̀. Orí pákó tó ga ju igi àgbọn lọ ni ó ti ń jó. Lọ́jọ́ kan, òun àti Ràsákì, àbúrò ìyàwó rẹ̀, nìkan ló wà lókè. Wọ́n ń jiyàn lórí búlọ́ọ̀kù tó wọ́. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ gbọ́ ariwo, kí wọ́n tó gbójú sókè, Ológbò ti wà nílẹ̀, apá rẹ̀ ti kán. Wọ́n bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Ẹ bi Ràsákì." Àbí kí ni wọ́n tún fẹ́ bi? Ràsákì búra títí, ó fi Kùránì búra. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n lé e. Láti Àgídìngbì dé Agége, kò sí bíríkìlà tó tún jẹ́ bá a gun pákó. Atiniṣubú ni wọ́n sọ ọ́. Ó kó lọ sí Onígbòǹgbò, ó ń la igi ìdáná tà. Ẹ̀wádún ló ti fi kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án kan.

Ràbíátù, ìyàwó Àlàmú, ń wo ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń ti ògiri yàrá ní ìrọ̀lẹ́.

"Bàbá Sàídátù, kí lẹ fẹ́ fi apá yìí ṣe?"

"Oyún ìyàwó Ràsákì ti pé oṣù mélòó?"

"Méje. Kí ló dé?"

"Ọjọ́ ìkómọ ni mo fẹ́ lọ bá a. Gbogbo ẹbí á wà níbẹ̀."

"Yéè! Ẹ̀yin lọkọ mi. Òun náà, ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi pọ̀n ọ́n. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, òkú ta lẹ fẹ́ kí n sunkún lé lórí?"

"Ilẹ̀ la ti máa parí ẹ̀," ni Àlàmú wí, ó sì tún kọjú sí ògiri.

Obìnrin náà lọ bá Jimoh pé kó má kọ́ ọ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kọ Jimoh lóminú. Lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Bó bá jẹ́ ìjà ni, jẹ́ kí n kúkú kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ju ẹ̀ṣẹ́. Títi ilẹ̀ ò lè ṣẹ́gun ẹnikẹ́ni."

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Èyí náà ni mo fẹ́."

Láti ògiri, ó bọ́ sórí bẹ́ǹṣì. Láti orí bẹ́ǹṣì, ó bọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n lórí orúnkún. Ibẹ̀ ló ṣì wà nígbà tí ìyàwó Ràsákì bímọ ṣáájú àkókò. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ló kù. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé orúnkún kúrò nílẹ̀, ó sì fimú gbálẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó sọ̀ kalẹ̀ dáadáa, kò lè gòkè. Lọ́jọ́ keje, apá ọ̀tún rẹ̀ wú, Jimoh sì ní kó sinmi. Kò sinmi.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìkómọ, Ràbíátù ti ṣáájú dé Onígbòǹgbò, ó ti bẹ àwọn ọkùnrin mẹ́ta inú ẹbí pé kí wọ́n má kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ààfáà ti ṣe àdúà tán nígbà tí Àlàmú wọlé. Ó bọ́ agbádá, ó ká a, ó gbé e sórí àga. Ó ká ọwọ́ bùbá rẹ̀ sókè.

Àwọn ọkùnrin náà dì í mú. Ràbíátù figbe ta. Ràsákì gbé ọmọ fún Tinúadé, ìyàwó rẹ̀, ó sì dìde dúró.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ni Ràsákì wí, ó ti di ẹ̀ṣẹ́. "Ọdún méjì ni mo ti ń dúró dè wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀."

Wọ́n fi í sílẹ̀. Àlàmú rìn títí tí àárín wọn ò fi ju ẹsẹ̀ kan lọ.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, ó sì sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú gbogbo ẹbí títí àyà rẹ̀ fi kan ilẹ̀ níwájú Ràsákì tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó ní: "Ràsákì, ìwọ kọ́ lo tì mí lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ mi ló yọ̀, ojú ló sì tì mí láti sọ ọ́."