Irun Àgùntàn Abẹ́ Pákó

Ilé pákó àkọ́kọ́ ti fẹ́ parí, àwọn yòókù sì ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá kan ṣoṣo. Ọmọ bàbá náà obìnrin, tó ń kọ́lé tà, ló ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní sìmẹ́ǹtì ti sú òun, èéfín ibi tí wọ́n ti ń sun ún ti pọ̀ jù. Igi tí wọ́n gé, tí wọ́n sì gbin òmíràn dípò rẹ̀, lòun fẹ́ fi kọ́lé, kí ògiri jẹ́ amọ̀ àti koríko gbígbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba àwọn tó fẹ́ rà á. Wọ́n ní ilé pákó a máa pariwo bí èèyàn bá ń rìn nínú rẹ̀.

"Bàbá mi àti ìyá mi ló máa kọ́kọ́ gbé inú rẹ̀," ló ti wí fún káfíńtà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. "Bí Bàbá bá ní ó dára, ìwọ lo máa kọ́ gbogbo ìyókù. Bí wọ́n bá ní kò dára, mo padà sídìí búlọ́ọ̀kù nìyẹn."

Káfíńtà gbà. Ó kọ gbogbo iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ nítorí àwọn ilé yìí. Kò tíì mọ bàbá tí wọ́n ń wí.

Àpáta ni wọ́n ń pe bàbá náà. Òun ló máa ń fi ohun abúgbàmù fọ́ òkúta níléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì nígbà èwe rẹ̀, orúkọ náà sì bá ìwà rẹ̀ mu. Bí o bá pè é láti ẹ̀yìn títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní dá ọ lóhùn. Ó ní a kì í ti ẹ̀yìn kí àgbà, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kó bọ́ síwájú òun. Ọmọ rẹ̀ ra fóònù fún un, ó dá a padà. "Ẹni tó bá ń wá mi mọ ilé," ló wí.

Nígbà tí ilé náà ṣì jẹ́ egungun lásán, ojoojúmọ́ ni Bàbá ń gbé àga wá síbẹ̀. Á bọ́ bàtà, á tẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì sórí pákó, àwọn òṣìṣẹ́ á máa sáré lọ sáré bọ̀ níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀, á sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà mìíràn á sùn lọ fọnfọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń la pákó. Inú káfíńtà dùn. Ó sún mọ́ ọn lọ́jọ́ kan, ó kí i pẹ̀lú ìṣó lẹ́nu.

"Yọ ìṣó lẹ́nu," ni Bàbá wí. "Ṣé èmi àti ìṣó la jọ ń sọ̀rọ̀ ni?"

Káfíńtà tu ìṣó dànù, ó dọ̀bálẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ló ki irun àgùntàn sí abẹ́ gbogbo pákó ilẹ̀, ó há gádígádí. Ó sáré lórí rẹ̀, ó fò sókè, kò dún. Tọkọtaya náà kó wọlé. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Bàbá ránṣẹ́ pè é.

"Káfíńtà, ilẹ̀ ilé yìí ti kú."

"Báwo, Bàbá?"

"Ìwọ lo pa á. Ààyè ni mo bá a."

"Bàbá, a fẹ́ kó dákẹ́ ni."

"Ta ni 'a'?"

Káfíńtà rò pé ó kù síbì kan. Ó tún ki irun àgùntàn sí i, ó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e. Ojú Bàbá wá le koko. Ó gbé àga rẹ̀ ti ògiri, ó kọjú sí ilẹ̀kùn, ó jókòó síbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ bí ọlọ́dẹ. Bí Ìyá bá ti ilé ìdáná yọ sí i, á ta gìrì.

"Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Ìyàwó rẹ ni," Ìyá á wí. "Olè kì í gbé tíì wá fúnni."

Bàbá ní bí ọmọ òun bá dé lọ́jọ́ Sátidé, òun á ní kó lọ ra búlọ́ọ̀kù. Káfíńtà bọ́ síta. Ìyá bá a níta, ó ní, "Yọ irun àgùntàn yẹn kúrò."

"Màmá, gbogbo ẹsẹ̀ tó bá kọjá ló máa dún. Ọmọ yín á lé mi."

"Ṣé ìwọ lo máa gbé ibẹ̀ ni? Yọ ọ́."

Ó yọ ọ́, ó sì ká kápẹ́ẹ̀tì náà kúrò.

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni ọmọ gbà wọlé pẹ̀lú bàtà gogoro. Bàbá jókòó lójú fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ lásán. Pákó ń dún gbì, gbì, gbì. Káfíńtà di ojú.

"Káfíńtà, kí lèyí?"

Kó tó dáhùn, Bàbá ti sọ̀rọ̀ láìyíjú padà. "Káàbọ̀, ọmọ mi. Bọ́ bàtà yẹn, o ń gún ilé mi níyán."

Ọmọ dúró sójú kan. Bàbá rẹ̀ kò kọ́kọ́ kí i rí láyé. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kí mi?"

Bàbá kò dá a lóhùn. Ọmọ rìn yí àga ká, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ṣé ilé yìí tẹ́ yín lọ́rùn?"

"Ilé nìyí. Ẹni tó bá tún ki irun àgùntàn sábẹ́ rẹ̀, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni."

"Ariwo rẹ̀ ńkọ́?"

"Ariwo wo?"

Ọmọ wo káfíńtà, ó mi orí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Olórí kunkun ni bàbá mi. Ó dáa, wá máa kọ́ ìyókù lọ."

Ìyá sin káfíńtà dé ẹnu géètì. Inú káfíńtà dùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò yé e. "Màmá, ṣé kí n má fi irun àgùntàn sí àwọn ilé tó kù náà?"

Ìyá wẹ̀yìn wò kó tó fèsì: "Fi sí i dáadáa, ọmọ mi, àwọn tó ń bọ̀ wá gbé ibẹ̀ ní etí, etí ti ọkọ mi ti bá òkúta fọ́ kí n tó bí ọmọ yẹn, àtẹ́lẹsẹ̀ ló fi ń gbọ́ ìrìn wa, ojú ló fi ń ka ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa, olórí kunkun ló sì wù ú kí ẹ máa pè é."