Ohùn Tó Ń Ṣí Géètì

Mọ́rẹ̀nikẹ́ nu ẹ̀rọ agbóhùn rẹ̀ mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àárọ̀ rẹ̀, ìyẹn síso orúkọ pọ̀. Arákùnrin kan jókòó sẹ́yìn géètì nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó gbé àpò lé itan. Orúkọ méjì ló ń jẹ́. Abíọ́nà ni kóòtù rán lọ sẹ́wọ̀n, Gbádégẹṣin ni ọgbà gbà wọlé. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ti pé, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ géètì ní ènìyàn méjì ni wọ́n, àti pé Abíọ́nà kò tíì ṣẹ̀wọ̀n rárá. Bí orúkọ méjèèjì kò bá so pọ̀ lónìí, arákùnrin náà yóò tún ẹ̀wọ̀n náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

Láti ìgbà tí òfin ti ní kí ẹ̀rọ má wo ojú tàbí ìka ènìyàn mọ́, ohùn ọ̀kan lára àwọn tó sọ ọmọ lórúkọ, bó ṣe máa ń pè é nílé, ló ń gbà. Mọ́rẹ̀nikẹ́ pe ìyá àgbà arákùnrin náà lórí fóònù, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ dún síta.

“Màmá, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní Abíọ́nà?”

“Ọ̀nà oko la bí i sí. Ṣé kí n wá pè é ní Abílé? Bàbá rẹ̀ ló ní Gbádégẹṣin. Ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́!”

“Ẹ pe méjèèjì pọ̀.”

Ìyá àgbà rọra pè é. Ẹ̀rọ kọ̀. Mọ́rẹ̀nikẹ́ ronú díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín: ohùn tí a fi ń kí àlejò ni màmá lò.

“Ẹ pè é bí ìgbà tó bá ṣẹ̀ yín.”

“Abíọ́nà Gbádégẹṣin! O ò ní wálé wá jẹun?”

“Mò ń bọ̀, mà!” Arákùnrin náà ti dìde kí géètì tó ṣí.

“Ìwọ ọmọ yìí náà,” ni màmá wí fún Mọ́rẹ̀nikẹ́, “bá a bọ̀. Iṣu ti jinná.”