Ohùn Tó Wà Lẹ́yìn Aṣọ

Ní ọdún 1987, Mísì Gbádébọ̀, olùkọ́ orin ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Okokomaiko, rí ọmọ tó rẹwà fi ṣe ọba nínú eré rẹ̀, àmọ́ ọba náà kò lóhùn. Ọláìtán ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Ó ga, agbádá yẹ ẹ́, ó sì mọ bí ọba ṣe ń wo ènìyàn láti orí ìtẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti lanu kọrin báyìí, gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Eré olórin sì ni wọ́n fẹ́ ṣe fún àwọn òbí, orin ọba arúgbó tó ń dágbére fún ìlú rẹ̀ ló sì gbé eré náà dúró.

Ẹni tó ní ohùn ni Bàṣírù. Ohùn rẹ̀ ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, kò sì sí ohun tó wù ú láyé bíi kó kọ orin yẹn. Àmọ́ bàbá rẹ̀, Alhaji Àsánì tó ń ta àgbò ní Alaba Rago, kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Àánú ọmọ náà ṣe Mísì, ó sì lọ bẹ bàbá rẹ̀ láàárín àwọn àgbò.

"Tíṣà, mo bọ̀wọ̀ fún yín o," Alhaji wí, ó ń jẹ orógbó lẹ́nu. "Ṣùgbọ́n kí ọmọ mi dúró lórí pèpéle, kó máa yanu? Kí àwọn Alhaji ẹgbẹ́ mi máa nàka sí mi?"

"Alhaji, ẹ̀yin náà ṣáà ń kọ wéré nígbà ààwẹ̀, sà."

"Wéré la fi ń jí ènìyàn kí wọ́n lè jẹ sààrì. Ìyẹn kì í ṣe eré." Ó di ẹnu àgbò kan mú, ó wo eyín rẹ̀. "Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá rí Bàṣírù lórí pèpéle, ọjọ́ náà ló fi sùkúù sílẹ̀. Á wá máa so àgbò níbí."

Orí pèpéle ni Alhaji sọ. Mísì Gbádébọ̀ ń ro ọ̀rọ̀ náà lọ nínú ọkọ̀, nígbà tó sì fi máa dé Ìyànà Ìbà, ó ti ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní kí Bọ́sẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ àwòrán yà, rán bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì pọ̀, kó ya ààfin sí i. Wọ́n ta á sẹ́yìn pèpéle. Ọláìtán á dúró níwájú aṣọ náà, á máa la ẹnu lásán. Bàṣírù á wà lẹ́yìn rẹ̀, á máa kọrin. Wọ́n dá ihò kékeré kan sí i nísàlẹ̀, kí Bàṣírù lè máa wo gìgísẹ̀ ọba. Bí Ọláìtán bá gbé gìgísẹ̀ sókè, kí orin bẹ̀rẹ̀. Bó bá gbé e sílẹ̀, kí akọrin mí.

"Ọláìtán, má jẹ́ kí ètè rẹ pẹ́ lẹ́yìn ohùn," Mísì á wí lójoojúmọ́. "Bàṣírù, mí wá láti inú ikùn. Èjìká kọ́ la fi ń mí."

Nílé, Bàṣírù sọ pé lẹ́sìn ìṣirò lòun ń dúró ṣe. Kò pẹ́ tí Alhaji fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá mú un. Á dúró lábẹ́ fèrèsé gbọ̀ngàn, á kọ ẹ̀yìn sí i, á máa fi ẹsẹ̀ kan janlẹ̀ bí ẹni tí ìjàlọ ń jẹ. Nígbà tó yá, kí rìhásà tó bẹ̀rẹ̀ rárá ló ti ń dé.

"Tíṣà, kí lẹ ń kọ́ wọn gan-an?" ó bi í lọ́jọ́ kan.

"Ìṣirò ni, sà." Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni Mísì, irọ́ náà kò sì rọrùn fún un.

"Hẹ̀n-ẹ́n. Ìṣirò yìí mà dùn létí o."

Lọ́jọ́ kejì, Mísì ní kí wọ́n ti fèrèsé. Alhaji kàn án kó-kó-kó láti ìta. "Ẹ ṣí i jàre, ooru á pa àwọn ọmọ!"

Ní ọjọ́ tó ṣáájú eré, ilé-ẹ̀kọ́ náà gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì borí. Àwọn ọmọ pariwo títí wọ́n fi délé, Bàṣírù ló sì pariwo jù. Òfin Mísì ni pé akọrin kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ eré, kí ohùn lè sinmi. Nígbà tí ọjọ́ eré pé, Bàṣírù wé ṣáálì mọ́rùn wá, orí ló sì fi ń dáhùn ohun gbogbo. Nígbà tó fa Mísì láṣọ bí ẹni tó fẹ́ wí nǹkan, Mísì fi ìka sí ètè ara rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí ọmọ tó gbọ́ràn.

Gbọ̀ngàn kún. Iwájú pátápátá ni Alhaji Àsánì jókòó sí pẹ̀lú fìlà funfun rẹ̀. Mísì ń tẹ dùùrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, kò sì yé wò ó. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọba kọrin, ó tún wò ó. Àga Alhaji ti ṣófo.

Ọláìtán gbé gìgísẹ̀ sókè.

Ohùn náà jáde. Ó kún ju ti rìhásà lọ, ó ń gbọ̀n ní ìparí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, bí ohùn ọba tó mọ̀ pé òun kò ní padà wá mọ́. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Mísì gbà pé ẹ̀rù ló ń jẹ́ kí ọmọ náà kọrin báyẹn, pé ó ti gbúròó bàbá rẹ̀ lẹ́yìn pèpéle. Ó fa dùùrù lé Yétúndé, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá a ṣí ìwé orin, lọ́wọ́, ó sì sáré gba ẹ̀gbẹ́ lọ, kí ó lè bọ́ sáàárín bàbá àti ọmọ kí orin tó parí. Ó gbá etí aṣọ náà mú, ó sì ká a sókè.

Bàṣírù jókòó jẹ́ẹ́ sílẹ̀ tòun ti ṣáálì rẹ̀, ó gbé fìlà funfun bàbá rẹ̀ lé itan. Alhaji Àsánì wà lórí eékún níwájú ihò, ààbọ̀ orógbó ní àtẹ́lẹwọ́, ojú rẹ̀ kò kúrò lára gìgísẹ̀ ọba, ó ń kọ ẹsẹ tó gbẹ̀yìn, ó sì ń mí wá láti inú ikùn.