Orúkọ Bàbá Lára Gbọ̀ngán Tuntun

Gbọ̀ngán tuntun tí ìjọ kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìsìn ti parí, ó ku kí wọ́n kọ orúkọ sára òkúta ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò pé orúkọ Bàbá ni kó jẹ́, Bàbá tó gbálẹ̀ ilé ìsìn náà fún ọdún márùndínlọ́gọ́ta, tó ń bẹ aláìsàn wò, tó sì kú ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Àlùfáà ní ohun kan ṣoṣo ló kù: ẹ̀rí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n kó tó wá sínú ìjọ, nígbà tó ń ṣọ́ géètì níbi tí títì ti kọjá lórí ojú irin. Bí ẹ̀rí náà kò bá dé kí ọjọ́ Ìsinmi tó pé, orúkọ ẹlòmíràn ni wọn yóò kọ.

Àkọ́bí Bàbá ló gba iṣẹ́ náà, obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún tí gbogbo ẹbí ń pè ní Ìyá Ìwé. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé ńlá tí ọjọ́ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú gbogbo wọn wà. Àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ máa ń ní bí ọlọ́pàá bá rí ìwé yẹn gbà, àwọn gbé, nítorí ọjọ́ tí eyín òun kọ́kọ́ hù pàápàá wà níbẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ìwé náà. Ó kọ wákàtí àti ìṣẹ́jú tí wọ́n bí télọ̀ àti àbíkẹ́yìn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ní ti Ìyá Ìwé, ọdún nìkan ló kọ. Ó ní ayọ̀ àkọ́bí ni kò jẹ́ kí òun ráyè wo aago. Inú Ìyá Ìwé máa ń dùn láti sọ èyí fún àlejò.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó ní pálọ̀ Bàbá láti kó ohun tí wọn yóò kà fún ẹlẹ́rìí náà jọ. Nọ́ọ̀sì rántí pé gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Bàbá ń gbààwẹ̀, tó ń kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì láti aago méjì títí di mẹ́ta. Télọ̀ ní Bàbá kì í di ojú bó bá ń gbàdúrà. Ó ní òun yọjú wò ó nígbà tóun wà ní kékeré, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere, ó ń wo ẹnu ọ̀nà, ó sì fún òun ní ìkó lórí nítorí pé òun la ojú. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìwé kọ ọ́ pé Bàbá ń ṣọ́ ilé Ọlọ́run.

Fèrè réluwéè dún láti òkèèrè. Ìyá Ìwé gbé ọwọ́ bo etí títí ó fi kọjá. Láti kékeré ni kò ti lè gbọ́ ọ, Bàbá ló sì máa ń bá a bo etí náà, kódà nígbà tí ewú ti wà lórí rẹ̀.

"Ó kúnlẹ̀ fún mi nígbà tí ìgbéyàwó mi ku ọ̀la," ló wí. "Ó ní kí n dárí ji òun. Mo bi í pé kí lẹ ṣe, ẹkún ló ń sun."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò kúnlẹ̀ fún èmi o," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Ṣé àkọ́bí ni ọ́ ni?"

Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀, lábẹ́ àkọlé Ìrẹ̀lẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ sọ́dọ̀ Bàbá Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹni tí òun àti Bàbá jọ ṣọ́ géètì. Òun nìkan ló ṣẹ́kù nínú àwọn ará ìgbà náà. Kò wá síbi ìsìnkú, lẹ́tà méjì tí Ìyá Ìwé kọ sí i ló dá padà láìtú. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá kan tó mọ́ tónítóní, ó gbẹ bí igi. Ó ní kó jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ẹlòmíràn. Ìyá Ìwé ní òun kò ní kúrò níbẹ̀. Ó jókòó, ó ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ. Ọkùnrin náà kọjú sí ògiri títí ó fi parí.

"Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀," ló wí. "Mo búra fún un pé n kò ní sọ ohun tó wà nídìí rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá wà láyé."

Ó wá sọ ọ́. Ọjọ́bọ̀ ni, aago méjì ti kọjá díẹ̀. Ìyàwó Bàbá ti wà nílé ọkọ fún ọdún mẹ́fà láìlóyún. Bàbá kúnlẹ̀ sínú ilé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ó ń bẹ Ọlọ́run, kò gbọ́ fèrè. Géètì wà ní ṣíṣí. Mọ́tò akérò kan wọ ojú irin, réluwéè sì gbá a.

"Mo sọ fún àwọn aláṣẹ pé ṣéènì géètì ló já," ni Bàbá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí. "Wọ́n gbà mí gbọ́."

Ìyá Ìwé pa ìwé dé lórí itan rẹ̀. 

"Ó ronú pìwà dà, bàbá mi. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi sanwó rẹ̀. Ọlọ́run sì gbọ́ àdúrà ọjọ́ náà, ó fún un lọ́mọ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí i."

"Méjì ló fún un."

Bàbá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọwọ́ sí ìwé náà, ó sì ní, "Ọmọ kan ṣoṣo ni mo fà jáde láàyè nínú mọ́tò náà, kò tíì lè pe orúkọ ara rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó wá bèèrè rẹ̀, ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ló fún ọ ní orúkọ tí ò ń jẹ́ yìí."