Ẹnìkan Tó Kù Lórí Ẹ̀yà Àtijọ́

Ohun tó ń kó Djawida nírìíra jù nínú iṣẹ́ náà ni kí ó máa kọ nǹkan kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún kẹfà rèé tí òun àti Zoubir ti ń tọ́jú Kasbara, géèmù kan tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti pa tì. Àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn kan ló jókòó tún sáfà rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ètò orí kọ̀ǹpútà tí gbogbo ẹni tó ń gbá a gbọ́dọ̀ wọlé sí. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wọn. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí Zoubir ti ń tún fóònù ṣe ní ìlú Constantine ni kọ̀ǹpútà tó gbé e wà. Ní ọjọ́ Jímọ̀, tí oníkálukú bá ti jẹ kuskusi tán nílé, Djawida á wá síbẹ̀, wọ́n á mu kọfí, wọ́n á ṣiṣẹ́.

Nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ló ń gbá Kasbara, àwọn mìíràn ti bá ara wọn ṣọ̀rẹ́ níbẹ̀ títí wọ́n fi fẹ́ra. Ohun kan ṣoṣo tí Zoubir ń bẹ̀rù ni kí wọ́n tú ká. Ẹ̀yà tuntun géèmù náà ni gbogbo wọn ń lò, àfi ẹnìkan tó ń jẹ́ Sabbar. Ẹ̀yà ọdún kìíní ni tirẹ̀. Ẹ̀yà yẹn kò mọ ẹṣin, kò mọ òjò. Bí sáfà bá ṣèèṣì dárúkọ òjò fún un, á dákú lójú ẹsẹ̀. Kò lè ka ohunkóhun kọjá igba ó lé márùndínlọ́gọ́ta, nítorí náà kò sí ẹni tí àpò rẹ̀ lè gba igi jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú gbogbo Kasbara. Èébú tí àwọn èèyàn ń bú nítorí àpò yìí kò ṣeé kà.

Òfin Lamine ni Zoubir ń tẹ̀ lé. Lamine ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, kó tó kó lọ sí Kánádà lọ́dún kejì, ohun tó sì sọ fún wọn ni pé a kì í tilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ṣì ń wọlé.

"Ó ti sú mi," ni Djawida wí lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó ti kọ̀ǹpútà síwájú. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe ọkọ̀ ojú omi. Mo tún fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbé e pamọ́ kí Sabbar rẹ má baà rí i kó dákú. Ó ń rí mi lára bí ìkòkò ọbẹ̀ tó ti kan."

"Mu kọfí ẹ."

"N ò mu. Kí ni bàbá yẹn tiẹ̀ ń wá ṣe?"

Zoubir ṣí àkọsílẹ̀ àwọn tó wọlé. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni, lójoojúmọ́. Sabbar á wọlé, á rìn dé ìdí kànga inú géèmù náà, á ní "Salaam," á dúró díẹ̀, á jáde. Kò pa ọjọ́ Iléyá jẹ, nígbà tí ọwọ́ gbogbo ayé wà nínú ẹ̀jẹ̀ àgbò. Lọ́sẹ̀ ìdánwò àṣejáde, tí wọ́n ń pa íńtánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ilẹ̀ náà láràárọ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ má baà jí ìdáhùn wò, kò sẹ́ni tó wọlé àfi òun.

"Ṣé o rí ọkàn tó dúró ṣinṣin?" ni Zoubir wí. "Arúgbó ni. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ò lè gbé ẹ̀yà tuntun. Bóyá ọmọ rẹ̀ kan ní Faransé ló ń bá a wá ọ̀nà wọlé tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá kú."

"Ṣé ó ti dá ẹ lóhùn rí?"

"Àgbàlagbà kì í fèsì gbogbo ọ̀rọ̀."

"Ó ń kí kànga, kò kí ẹ! Zoubir, bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ló ń bú wa nítorí ẹyọ kan. Yọ ẹ̀yà yẹn kúrò."

"Tó bá jẹ́ bàbá ẹ ńkọ́?"

"Bàbá mi á fèsì ìkíni."

Inú bí Zoubir. "Ẹni tí arúgbó bá ń rí lára, ilẹ̀kùn nìyẹn."

Djawida kó wáyà rẹ̀ sínú báàgì. "Ọdún mẹ́fà," ó wí. "Ìwọ gan-an ló wá ń rí mi lára báyìí."

Kí ààwẹ̀ tó parí, ó ti ṣí Kasbara tirẹ̀, ẹ̀yà tuntun nìkan, àpò ibẹ̀ sì ń gba ẹgbẹ̀rún igi. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Zoubir ń kọ ohun gbogbo lẹ́ẹ̀mejì fúnra rẹ̀, fóònù àwọn oníbàárà ń kó eruku. Ó kọ ọ́ sójú ewé Kasbara lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé aláìmoore ni wọ́n, pé itọ́ lásán ni wọ́n jẹ́ lójú òun. Ìyẹn tún lé ogójì lọ. Nígbà tó fi di oṣù kẹjọ, ó ku tọkọtaya kan láti ìlú Oran, àwọn náà sì wá dágbére.

Lọ́jọ́ kejì, Zoubir dúró sí ìdí kànga. Aago mẹ́sàn-án lù, Sabbar dé.

"Ẹ ṣeun, bàbá," ni Zoubir kọ. "Ẹ̀yin nìkan lẹ ò fi mí sílẹ̀."

"Salaam," ni Sabbar wí, ó dúró díẹ̀, ó sì jáde.

Zoubir nu ojú. Ó kọ̀wé sí Lamine, tí kò kọ̀wé sí láti ọdún mẹ́rin. Ó ní òun pa òfin ẹ̀gbọ́n òun mọ́, pé ìdọ̀tí ti ṣàn lọ, ó ku ojúlówó èèyàn kan ṣoṣo, Sabbar. Bí ẹ̀gbọ́n bá mọ ilé rẹ̀, òun fẹ́ ra kọ̀ǹpútà fún un.

Ìrọ̀lẹ́ ni èsì Lamine wọlé: "Àbúrò, Sabbar kì í ṣe èèyàn o, èmi ni mo kọ ọ́ sínú sáfà yẹn kí n tó rìnrìn àjò, kó lè máa wọlé fúnra rẹ̀ láràárọ̀, kó dán an wò bóyá ẹ̀yà àtijọ́ ṣì ń ṣí, mo sì rò pé ẹ ti pa á láti ọjọ́ tí ẹni tó lo ẹ̀yà yẹn kẹ́yìn ti lọ."