Ewì Ara Ògiri Ilé Ìfọṣọ

Ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ewì kan wà lára ògiri ilé ìfọṣọ tó wà lẹ́yìn òpópónà Rye Lane, ní Peckham, nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó fi máa di agogo mẹ́sàn-án, Ọládọ̀tun tó jẹ́ ọ̀gá wọn níbẹ̀ ti yọ ọ́. Kò fà á ya. Ó fi èékánná tú sẹ́lótéèpù igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ká a sí méjì, ó tì í bọ àpò àyà.

"Awakọ̀ òtẹ́ẹ̀lì tí à ń fọ aṣọ fún ti ya fọ́tò rẹ̀," ó sọ fún àwọn òṣìṣẹ́. "Ọ̀gá àgbà ń bọ̀ ní agogo mẹ́wàá. Wọ́n ní ẹni tó kọ ọ́ máa lọ sílé lónìí."

Kò bi wọ́n pé ta ni. Ó wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Ìyá Basit ń fi ọwọ́ òsì ká aṣọ ibùsùn. Báńdéèjì wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Ọjọ́rú tó kọjá ni ooru ẹ̀rọ ìlọṣọ bó o, Ọládọ̀tun sì ní kó parí ṣíìfù rẹ̀, nítorí ọkọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ti dé ẹnu ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà, bí ọkùnrin yìí bá ń bá a sọ̀rọ̀, ojú fèrèsé ló máa ń wò.

Ewì náà kò gùn. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, gbogbo wọn ló sì ti kà á:

Aṣọ ibùsùn funfun, ó tẹ́ pẹrẹsẹ;
ẹni tó sùn lé e kò gbọ́ orúkọ Mìsítúrà rí.
Ooru bó o lọ́wọ́, ó ń ká aṣọ lọ.
Tíì mi tutù níwájú mi, n kò lè mu ún.

Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: "Ní àṣà àwọn akéwì àtijọ́ ilẹ̀ Ṣáínà."

"Ta ni Mìsítúrà?" Hamid, tó ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ, béèrè.

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin! Ọdún mẹ́rin rèé, mo rò pé Ìyá Basit ló wà nínú páàsípọ́ọ̀tù yín ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ojú gbogbo wọn yí sí Bàbá Mákánjúọlá.

Tíṣà ni bàbá náà nílùú Ìwó kó tó wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Òun ló yá ìwé ewì àtijọ́ Ṣáínà tí wọ́n kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì láti láíbìrì, tó ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn nígbà ìsinmi: ewì nípa ahunṣọ tí kò láṣọ, nípa àwọn tó ń fi okùn fa ọkọ̀ ojú omi, tí okùn náà ti dá àpá sí léjìká. Hamid ti bi í rí bóyá àwọn àgbẹ̀ ló kọ ọ́.

"Àgbẹ̀ wo ló ráyè? Àwọn ìjòyè ọba ni."

Ọládọ̀tun a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà yẹn, a máa wo aago, títí bàbá á fi pa ìwé dé.

"Bàbá," Ìyá Basit rọra sọ, "ṣé ẹ̀yin ni?"

"Ì bá wù mí kó jẹ́ èmi."

"Ẹ má fi ṣeré o. Ìyàwó yín ńkọ́?"

Ìwé tí wọn yóò fi mú ìyàwó bàbá wá láti Ìwó ti wà lórí tábìlì ìjọba. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lósù yìí, ó tán.

Agogo mẹ́wàá lù, Ìyáàfin Lọ́lá, ọ̀gá àgbà, dé. Kò bọ́ kóòtù. Ó pè wọ́n jọ sínú ọ́fíìsì, ó sì gbé lẹ́tà ìyọni lẹ́nu iṣẹ́ kan kalẹ̀, orúkọ nìkan ló kù nínú rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

"Èmi kọ́, mà."

"Ta ló tún ń ka ìwé Ṣáínà níbí?"

Ìyá Basit bọ́ síwájú.

"Èmi ni mo kọ ọ́."

"Aunty, ọwọ́ wo lẹ fi tẹ̀ ẹ́?"

"Òsì."

"Ẹ wá tẹ orúkọ yín síbí kí n rí i." Ìyáàfin Lọ́lá na fóònù sí i.

Lẹ́tà mẹ́ta péré ni Ìyá Basit tẹ̀, méjì sì ṣì.

"Ẹ lọ jókòó, Aunty. Ọlọ́run á san án fún yín." Ó yíjú sí ọ̀gá ilé ìfọṣọ. "Ọládọ̀tun, kọ orúkọ bàbá sínú lẹ́tà yìí, kí o sì fọwọ́ sí i."

Bàbá Mákánjúọlá ti ń tú okùn épírọ́ọ̀nù rẹ̀.

Ọládọ̀tun gba bírò, ó gbé e padà sórí tábìlì, ó ní, "Orúkọ tèmi ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀, mà, èmi ni mo kọ ewì náà."